Kulúwà Mẹ́ta fún Abẹ́rẹ́ Kan

Ẹ̀yin jàmáà Ọlọ́run, kí àlàáfíà Rẹ̀ wá bá kálukú wa níbi tó jókòó sí, àti ẹni tó tètè dé tó rí ẹní, àti ẹni tó pẹ́ dé tó fi bàtà ara rẹ̀ ṣe ìjókòó. Kí n tó gbéra, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mò ń lọ fún yín, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ṣi òun lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ìsítíkárà ni mo fẹ́ sọ lónìí, àdúà tí a máa ń ṣe nígbà tí ọ̀nà bá pín sí méjì níwájú ẹni, tí a kò sì mọ èyí tí à bá tọ̀.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, kọ́ àwọn sàhábà, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ní àdúà náà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú, kí ó kí ìrun ràkáà méjì, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ Ẹni tó mọ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ni mo wí. Èwo wá ni àwa ń ṣe? Ààfáà ni à ń rán. A ó ní, “Ààfáà, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí sùn.” Ààfáà á sùn, àwa náà á sùn, ilẹ̀ á mọ́, ààfáà á ní òun rí ẹṣin funfun. Àbí mo parọ́? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lápá ibẹ̀ yẹn, ẹ rọra. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn Mọ́dínátù.

Ọmọ Ìwó ni. Páànù ìkọ́lé ni bàbá rẹ̀, Alhaji Bùráímọ̀, ń tà. Ìyá rẹ̀ ni Alhaja Sàlámátù. Ilé-kéwú ẹ̀yìn ilé wọn ni ọmọ náà ti mọ alífù àti báù kí ó tó mọ A àti B. Nígbà tó yá, ó kàwé títí ó fi di dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú mìíràn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí dókítà bá kọ́kọ́ jáde, ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń gbé e kiri láti ẹ̀ka kan sí òmíràn. Ọdún náà ku oṣù kan kó pé, wọ́n sì ti fún Mọ́dínátù ní fọ́ọ̀mù kan pé kí ó kọ ẹ̀ka tó fẹ́ fi ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ ṣe sí i. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un nínú fọ́ọ̀mù náà, ìlà tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Mọ́dínátù fi ń wo ìlà yẹn.

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tí àìsàn wọ́n le ni ó wà lákòókò náà. N kò sọ ọmọ tí ibà ń ṣe o. Ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ ni mò ń wí, ọmọ tí jẹjẹrẹ ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń bọ̀ sípò níbẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé. Àwọn kan kì í lọ sílé mọ́. Ọjọ́ tí ọmọ kan bá lọ sílé, Mọ́dínátù á máa wò pé kò sí iṣẹ́ mìíràn láyé tó tún dà bíi rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ kan bá kú, á wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, á dúró síbẹ̀ láàárín aṣọ funfun, á máa bi ara rẹ̀ pé kí ni òun wá ń ṣe níbí. Nínú ọ̀sẹ̀ kan náà ni méjèèjì máa ń ṣẹlẹ̀. Bí o bá bi í láàárọ̀ bóyá ó fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí o bá tún bi í lẹ́yìn Alásárì, á ní rárá. Kò sì parọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ohun mìíràn tún wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mọ́dínátù ní àbúrò ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nójímù. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Nójímù nígbà tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú un lọ. Mọ́dínátù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sọ pé òun yóò ṣe dókítà àwọn ọmọdé. Gbogbo ilé gbà, wọ́n ń pè é ní dókítà kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀, tí kálámù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dá a lójú mọ́. Ṣé nítorí Ọlọ́run ni òun ṣe fẹ́ iṣẹ́ yìí, àbí Nójímù ni òun ṣì ń wá kiri nínú àwọn bẹ́ẹ̀dì kéékèèké yẹn? Bó bá jẹ́ Nójímù ni, ṣé àníyàn bẹ́ẹ̀ dára? Bí kò bá sì dára, ṣé kí òun fi àwọn ọmọ sílẹ̀ nítorí pé àníyàn òun kò mọ́? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ dá a lóhùn. Bí ó ti ń dáhùn kan ni òmíràn ń yọ.

Àwọn òbí rẹ̀ kò rí ìrúlójú kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Dókítà ojú ni bàbá fẹ́ kí ó ṣe. Alhaji Bùráímọ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ẹni tí ọmọ òun bá wo ojú rẹ̀ sàn, ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ni yóò máa fi ojú náà rí i, tí yóò máa ṣàdúà fún un. Ó wá bi í pé, “Ọmọ tó bá kú sí ọ lọ́wọ́ ńkọ́? Ta ni yóò wá kí ọ kú iṣẹ́?”

Ìyá kò pariwo. Iṣẹ́ kíṣẹ́ ni kí ó ṣe, ìyẹn kò kan òun, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ ti àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Alhaja Sàlámátù kò tíì wọ wọ́ọ̀dù ọmọdé mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Nójímù jáde níbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà pọ̀ jù, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ lọ́wọ́, kò sì gbójú sókè tó fi sọ ọ́. Ó ní, “Mọ́dínà, ilé tí mo sá kúrò nínú rẹ̀ ni o fẹ́ lọ fi ṣe ibùgbé.”



Bàbá wá rán ààfáà tirẹ̀ níṣẹ́ ìsítíkárà. Ọjọ́ kẹta, ààfáà ní òun rí ojú méjì tó tóbi bí atẹ, tó ń tàn yòò. Ìyá náà rán tirẹ̀, láìsọ fún bàbá. Ìyẹn ní òun rí igbá kan tó dojú dé láàárín ibùsùn àwọn ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún ààfáà àkọ́kọ́ pé ọ̀rọ̀ ojú ni? Ta ló sọ fún ìkejì pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni? Ẹni tó gbé ìbéèrè lọ ni ó gbé ìdáhùn dání. Ẹ má bú wọn. Ó ní ìdí tí mo fi ní kí ẹ má bú wọn.

Mọ́dínátù wá di ẹni tó ní ojú méjì àti igbá kan, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ṣófo síbẹ̀. Òun náà bá lọ sọ́dọ̀ ààfáà kẹta. Ààfáà yìí ni ó kọ́ ọ ní kéwú láti kékeré, tó fi pàṣán nà án nítorí súrà tí kò há dáadáa, tó sì gbé e lé èjìká lọ́jọ́ tó parí rẹ̀. Bí ààfáà yẹn bá ní kí ó jókòó sínú kànga, á bi í pé kànga wo ni. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ààfáà ní kí ó lọ, kí ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó padà, ààfáà ní, “Ọmọ mi, mo rí òkùnkùn díẹ̀. Má ṣe wọ ilé aláìsàn fún ọjọ́ méje. Fi àkàrà ṣe sàráà fún àwọn ọmọdé àdúgbò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà á là.”

Ẹ̀yin jàmáà, ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe Mọ́dínátù nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí? Inú rẹ̀ dùn. Ọjọ́ méje gbáko tí kò sí ẹni tó lè bi í pé kí ló fẹ́. Ó lọ tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, wọ́n sì fún un.

Ọmọbìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù náà tó ń jẹ́ Sìdíkátù, ọmọ Ẹ̀jìgbò, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àìsàn tó mú Nójímù lọ ni ó ń ṣe é. Ní gbogbo ọjọ́ Àlàrùbá, wọ́n ní láti fún un ní abẹ́rẹ́ kan láàárín eegun ẹ̀yìn, abẹ́rẹ́ tó gùn, tí àgbàlagbà pàápàá kì í fẹ́ wò. Dókítà àgbà ni ó ń gún abẹ́rẹ́ náà. Iṣẹ́ Mọ́dínátù ni láti di ọmọ mú, kí ọmọ ká kò sí i lápá, kí ó má mira. Sìdíkátù sì ti ṣe òfin tirẹ̀. Kulúwà mẹ́ta, súrà kúkúrú tí gbogbo ọmọ ilé-kéwú mọ̀ yẹn, ni wọn yóò kà. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé nínú Kulúwà kìíní, kí ó sì ti jáde kí ìkẹta tó parí. Dókítà ọkùnrin kan ti kà á fún un rí, ó sì ti kà á tán kí wọ́n tó fi oògùn nu ẹ̀yìn rẹ̀. Sìdíkátù ní ìyẹn ń kéwú bí ẹni tí ajá ń lé. Ó ní Dókítà Mọ́dínátù nìkan ni òun fẹ́, nítorí ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa omi kànga, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tí Kulúwà tirẹ̀ tán kí abẹ́rẹ́ tó tán.

Ọjọ́ Àtàlátà ni Mọ́dínátù fẹ́ máa lọ sí Ìwó. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Sìdíkátù. Ọmọ náà bi í pé, “Ẹ ó wà níbẹ̀ lọ́la?”

Mọ́dínátù ní, “In ṣáà Allah.”

Ẹ̀yin náà mọ irú èyí tí mò ń wí. Èyí tí a máa ń sọ fún ẹni tó pè wá síbi ìsọmọlórúkọ tí a kò ní lọ. A mú ọ̀rọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, a fi ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí a ń gbà sá.

Sìdíkátù wò ó. Ọmọ tó bá pẹ́ ní ilé ìwòsàn máa ń mọ ojú àgbà kà. Ó ní, “Dókítà, ṣé irú ti bàbá mi ni, àbí ti òótọ́?”

Mọ́dínátù rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ti òótọ́ ni.”

Ó bá gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, Mọ́dínátù wà ní ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ní Ìwó, ó ń dín àkàrà sàráà. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó ti ka Kulúwà kan kó tó fura. Ó ka èkejì, ó ka ẹ̀kẹta, ó rọra ń fà á, títí àkàrà fi jóná nínú epo tí èéfín sì gba gbogbo ilé. Ìyá rẹ̀ yọjú, ó bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó da àkàrà tó jóná nù, ó bu òmíràn sínú epo. Ó ń ṣe é bíi kí ó wọ ọkọ̀ padà nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méje ni ààfáà wí, ọjọ́ kan péré ló ṣì lò. Bí ó bá sì padà, tí òkùnkùn yẹn bá ṣẹ lé ọmọ náà lórí ńkọ́? Ó jókòó. Ó tún dìde. Ó tún jókòó.

Nígbà tí ọjọ́ méje pé, ó padà. Ọmọ mìíràn ni ó bá lórí bẹ́ẹ̀dì Sìdíkátù.

Ọjọ́ Àlàádì ni ẹ̀jẹ̀ dà sí Sìdíkátù nínú ọpọlọ, àìsàn náà ni ó fà á. Kò sí ohun tí wọn kò ṣe. Dókítà àgbà pe Mọ́dínátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ fún un pé bí ó bá tilẹ̀ dúró tì í lọ́sàn-án lóru, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí. Òótọ́ sì ni. Ẹ̀yin jàmáà, ẹ má jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ: ọjọ́ ikú ọmọ náà ti wà ní kíkọ, kò sí lọ́wọ́ dókítà, kò sí lọ́wọ́ ààfáà. N kò bá yín sọ̀rọ̀ ikú. Ọjọ́ Àlàrùbá ni mò ń bá yín sọ.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Sísítà Dèbórà ni wọ́n ń pè é, ìyá tó ti dàgbà díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Òun ni ó sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí. Ó ní wọ́n ti múra abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ṣùgbọ́n Sìdíkátù kò gbà. Kò sunkún, kò jà. Ó kàn ní òun ń dúró de Dókítà, nítorí ó ti sọ pé ti òótọ́ ni. Wọ́n bá a dúró títí ó fi kọjá Àílà. Dókítà àgbà ní iṣẹ́ mìíràn ń dúró de òun. Ìgbà yẹn ni Sísítà Dèbórà fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí Sìdíkátù kọ́ òun ní Kulúwà náà.

Ẹ gbọ́ o. Ọmọ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń kọ́ àgbàlagbà ìyá onígbàgbọ́ ní kéwú, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń dá a padà níbi tó bá ti ṣì í. Sísítà Dèbórà fi ohùn akọrin gbé e. Sìdíkátù rẹ́rìn-ín títí ó fi mú ikùn, ó ní, “Sísítà, ẹ ti sọ ọ́ di orin ọjọ́ Sọ́ńdè.” Ṣùgbọ́n ó gbà pé kí wọ́n máa gún un.

Sísítà Dèbórà wo Mọ́dínátù, kò sì bínú sí i. Ó ní, “Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ, Dókítà. Ṣùgbọ́n mi ò dákẹ́ títí abẹ́rẹ́ fi jáde.”

Mọ́dínátù kò wọ yàrá aṣọ lọ́jọ́ náà. Ó padà sí Ìwó, ó lọ bá ààfáà kẹta. Ó bá a lórí ẹní, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láì fi ọ̀kan pamọ́, títí kan àkàrà tó jóná. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, “Ààfáà, kí lẹ rí lálá lọ́jọ́ yẹn?”

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ ààfáà. Ó ní, “N kò rí nǹkan kan. Mo sùn ni.”

“Òkùnkùn tí ẹ ní ẹ rí ńkọ́, sà?”

“Ojú rẹ ni mo ti rí i, nígbà tí o wọlé.”

Ó wá jẹ́wọ́ fún un. Ó ní ààfáà tó bá sọ pé òun kò rí nǹkan kan, àwọn ènìyàn á ní ọwọ́ rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní nígbà tí òun kò mọ ohun tí òun yóò sọ, òun wo ọjọ́ méje pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ọjọ́ méje kéré, àkàrà sì dùn.

Mọ́dínátù kò bú u. Ó ní, “A jẹ́ pé àwa méjèèjì ni a kò mọ̀.”

Ààfáà ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Dìde, lọ ṣe àlùwàlá.”

Níbẹ̀, lórí ẹní ilé-kéwú tí wọ́n ti nà án rí, ni ó ti kí ràkáà méjì, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ Ọlọ́run. Ṣé ẹ mọ ohun tí a ń sọ nínú àdúà náà? Ohun tí a ń sọ ni pé Òun ni Ó mọ̀, àwa kò mọ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló wá ń wá níbẹ̀?

Ẹ̀ ń retí pé kí n sọ pé ó lá àlá. Kò lá a. Ó sùn, ó jí, ọ̀rọ̀ náà rú u lójú bí ó ti rú u lójú tẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ni tàbí Nójímù, ó sì ti fi Sìdíkátù kún un báyìí. Ṣùgbọ́n Àlàrùbá tún dé, abẹ́rẹ́ sì wà fún ọmọ tuntun tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ. Ó di ọmọ náà mú, ó rọra ká a kò. Ó bi í pé kí ni kí òun máa kà fún un.

Ọmọ náà ní, “Mi ò mọ̀.”

Mọ́dínátù ní, “Èmi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo wà níbí.”

Nígbà tí abẹ́rẹ́ jáde, ó fọ ọwọ́, ó mú fọ́ọ̀mù, ó kọ ọ̀rọ̀ sórí ìlà náà.

Ó ti di ọdún mẹ́fà. Wọ́ọ̀dù yẹn ló ṣì wà. Bàbá rẹ̀ ṣì ń dárúkọ ojú. Ọdún tó kọjá ni ìyá rẹ̀ gbé àkàrà wá fún àwọn ọmọ náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, ṣùgbọ́n ó dé ẹnu ọ̀nà. Láìpẹ́ yìí ni ààfáà kẹta bi Mọ́dínátù bóyá ó ti wá mọ̀. Ó ní rárá o, òun kò tíì mọ̀.

Ẹ ó ní báwo ni mo ṣe mọ gbogbo èyí, àní títí dé àkàrà tó jóná. Mo ní kí ẹ má bú àwọn ààfáà méjì àkọ́kọ́. Ìkẹta ńkọ́? Òun ni ó di gbohùngbohùn mú níwájú yín yìí. Òun ni ó ń bá yín sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ wá sọ́dọ̀ mi pé kí n fi sùn, omi àlùwàlá ni màá bù fún yín.

Nítorí náà, ẹni tí ọ̀nà bá pín níwájú rẹ̀, kí ó béèrè fúnra rẹ̀, kí ó gbọ́ ìmọ̀ràn àgbà, kí ó sì rìn. Má dúró de ojú méjì, má dúró de igbá. Bí àmánà kan, ohun tí a fi sí ìtọ́jú rẹ, bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, tí ẹnìkan ń retí rẹ ní aago mẹ́wàá, àìmọ̀ kì í ṣe àwáwí. Bí o bá sì fẹ́ ní in ṣáà Allah, kí ó jẹ́ ti òótọ́.

Ọlọ́run Ọba, Ìwọ tí O mọ̀ nígbà tí àwa kò mọ̀, tọ́ wa sọ́nà, àti àwa tí a ń kọ́ni àti àwọn tí à ń kọ́. Forí èyí tí mo fi ẹnu mi ṣe jì mí. Wo àwọn ọmọdé tó wà lórí ibùsùn sàn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ṣáájú, rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Fi Nójímù àti Sìdíkátù sí àlùjánńà. Ìyá tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, mú un wọlé. San ẹ̀san rere fún gbogbo ẹni tí kò dákẹ́ títí abẹ́rẹ́ fi jáde, ẹ̀sìn yòówù tó bá ń ṣe. Àmín.